Tísà Ìbíkúnlé, Agbẹjọ́rò Adágún Ùsọmi

Bí wọ́n bá dárúkọ Tísà Ìbíkúnlé nílùú Ùsọmi lónìí, kí ẹni tó dárúkọ rẹ̀ tó sọ "kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere" tán, ẹlòmíràn á ti bú sẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ rántí ọjọ́ tí ọ̀gá ìjọba pe adágún wa ní ọ̀gọ̀dọ̀?" Ta ni yóò gbàgbé? Gbémisọ́lá, àkọ́bí Tísà, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ojú tì í débi pé ó fa gèlè rẹ̀ wálẹ̀ bo ojú, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ kan wo ohun tí bàbá rẹ̀ fẹ́ ṣe.

Ọ̀gá náà wá láti Adó-Èkìtì, ó wá ṣí ẹ̀rọ omi tí ìjọba gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọjà. Wọ́n ta kánópì, wọ́n to àga, Kábíyèsí wà níjókòó. Ọ̀gá náà gúnwà nínú agbádá, ó wọ bàtà funfun kan tó ń dán bí àwo tuntun. Ó gba màíkì, ó ní, "Inú wa dùn pé a gbé omi tó mọ́ wá fún yín, kí ẹ lè bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gọ̀dọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn yín yìí."

Tísà Ìbíkúnlé dìde.

"Ẹ dákun, sà. Kí lẹ pè é?"

"Ọ̀gọ̀dọ̀, Bàbá."

"Ẹ gbà á padà."

Kábíyèsí húkọ́, wọ́n ní, "Tísà, jókòó."

"Kí adé pẹ́ lórí, Kábíyèsí. Bí èmi bá jókòó, ta ni yóò dìde?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó wá béèrè ìbéèrè tí ọmọ Ùsọmi kankan kò jẹ́ bi Tísà láéláé. Ó ní, "Bàbá, kí ni ìyàtọ̀ ọ̀gọ̀dọ̀ sí adágún?"

"Ọ̀gọ̀dọ̀ ni èyí tí èèyàn lè rìn yí ká kí uṣu tó jinná lórí iná," ni Tísà dáhùn. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Beatrice, lọ gbé uṣu kaná. Ẹ̀yin, sà, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ọ̀gá wo àwọn oníròyìn tó gbé kámẹ́rà dání. Ó wo omi náà, ó rò pé ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ó ní ó yá. Kí wọ́n tó dé ibi tí omi ti kọ́kọ́ ya ẹnu, àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ọ ti bọ́ bàtà sọ́wọ́. Ní ibi ẹrẹ̀ tó wà lápá àríwá, ọ̀kan nínú bàtà funfun náà wọlé lọ, kò sì jáde mọ́. Tísà na ọwọ́ fún un, ó fà á dìde, ó ní, "Ibi tí ẹ ti rì yìí, sà, ìtàn rẹ̀ dùn gan-an." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.

Lábẹ́ kánópì, iṣu jinná. Wọ́n gún un. Wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n fọ abọ́. Wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú kọjá kí wọ́n tó rí ọ̀gá tó ń yọ bọ̀ láti apá kejì, agbádá ní èjìká, ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, ọ̀kan nínú ẹrẹ̀. Ó gba màíkì, ó nu ojú. "Ẹ̀yin ará Ùsọmi," ó mí kanlẹ̀, "ẹ̀rọ omi yìí, a gbé e wá láti máa ran adágún ńlá yín lọ́wọ́ ni."

Tísà mi orí. "Ẹ ṣeun, sà," ó ní. "Ẹ lè máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ."

Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì àti ìtàn nílé ìwé gírámà kan n'Ìkẹ́rẹ́. Lójoojúmọ́ ló ń gun alùpùpù rẹ̀ lọ, tó ń gùn ún bọ̀, nítorí ó ní òun kò lè sùn nílùú tí kò ní adágún. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí pé kó gba yàrá kan, kó yé jẹ eruku ọ̀nà. Wọ́n tilẹ̀ fi àwọn òkè àpáta Ìkẹ́rẹ́ tó rẹwà yẹn hàn án. "Òkúta dára," ni Tísà wí, "ṣùgbọ́n bí èèyàn bá wo òkúta, òkúta kì í wo èèyàn padà."

Kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan orúkọ ìlú náà. Bí ìwé ìjọba bá dé tí wọ́n kọ "Ìsọmi" sí i bíi ti àwọn tó ń sọ Yorùbá inú ìwé, Tísà á fa bírò yọ, á pa lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ́, á kọ "Ù" gàdàgbà. Ó pa á rẹ́ lára ìwé ìbò. Ó pa á rẹ́ lára pátákó ẹ̀bá ọ̀nà, ó gun àkàsọ̀ láti ṣe é, lẹ́ni ọdún márùndínláàádọ́rin. "Ulé là ń gbé," ó ń pariwo láti orí àkàsọ̀, "uṣu là ń jẹ, Ùsọmi lorúkọ ulú wa. Ẹni tó bá ń wá 'i', kó lọ wá a n'Íbàdàn!"

Nígbà tí Gbémisọ́lá fẹ́ lọ́kọ, ẹ̀rù tó ń bà á kì í ṣe ti owó orí, ti bàbá rẹ̀ ni. Akínlolú, ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, wá láti Èkó lọ́jọ́ Sátidé kan, ebi ọ̀nà ti pa á. Màmá Beatrice, ìyá Gbémisọ́lá, gbé iyán ka iwájú rẹ̀, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ rírò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹran ìgbẹ́ yọrí lókè. Akínlolú fọwọ́. Tísà ní, "Ọmọ mi, ṣé o mọ bí ulú yìí ṣe tẹ̀ dó?" Kí ọmọkùnrin náà tó dáhùn, Tísà ti fa àwo náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó fi ọwọ́ mọ iyán, ó sọ ọ́ di òkè méjì, ó gbẹ́ àfonífojì sáàárín, ó da ọbẹ̀ sí i. "Adágún rèé. Ẹran yìí ni ìlú Ìdóko, ní òdìkejì. Wò ó bó ṣe le."

Ó sọ̀rọ̀ títí ọbẹ̀ fi dì. Nígbà tí Akínlolú rò pé ó ti parí, ó rọra bu òkèlè kan.

"Dúró!" ni Tísà ké. "Ààfin lo fẹ́ gbé mì yẹn!"

Akínlolú dá ààfin padà síbi tó wà. Ó jẹ díẹ̀ ní gúúsù ìlú, ó dúró nígbà tó dé etí ọjà, kò mọ̀ bóyá kóun kọjá. Màmá Beatrice yọjú láti kíṣìnì, wọ́n fọwọ́ pè é. "Ọmọ mi, wá jẹ tìhín," ni wọ́n sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Èyí kò ní ìtàn."

Ìtàn náà gan-an kì í dúró sójú kan. Ọdẹ kan ló tẹ Ùsọmi dó, gẹ́gẹ́ bí Tísà ṣe sọ. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ kú lọ, ló bá tẹ̀ lé ajá rẹ̀, ajá sì mú un dé etí omi. Nígbà tí Gbémisọ́lá wà ní pírámárì, ajá náà dúdú. Nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì, ó ti di pupa rúsúrúsú. Nígbà tó wá kó àwọn ọmọ tirẹ̀ wálé láti Ìbàdàn, tó gbọ́ tí bàbá ń sọ fún wọn pé ajá náà funfun báláú, kò lè mú un mọ́ra.

"Bàbá, ajá yìí dúdú nígbà tí ẹ sọ ọ́ fún èmi."

Tísà wò ó tàánútàánú. "Gbémi, ajá tó ti ń rìn láti ìgbà náà," ó ní, "ṣé irun rẹ̀ kò ní funfun ni?"

Ohun kan ṣoṣo ló wà tí Tísà kò fi ṣeré, òun ni òtítọ́ nípa adágún. Ohun tó sì fẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sí Ùsọmi ló mọ̀ pé adágún náà kò nísàlẹ̀. Wọ́n bí wọn bá a, wọ́n kọ́ wọn nílé ìwé tí wọ́n ń lọ n'Ìkẹ́rẹ́, Tísà fúnra rẹ̀ sì ni olùkọ́ tó ń kọ́ wọn. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó fẹ́ kọ ìwé nípa ìlú náà. Ìwé ń fẹ́ òǹkà. Ó ra okùn tó gùn tó ọ̀ọ́dúnrún ẹsẹ̀ bàtà, ó ta kókó sí i ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, ó so òkúta mọ́ ìdí rẹ̀. Ó wá ní kí Sunday wa òun dé àárín omi. Ọmọ Ìlàjẹ ni Sunday, apẹja tó ti ń gbé etí adágún fún ogún ọdún. Okùn náà kún inú ọkọ̀ débi pé orí rẹ̀ ni Tísà jókòó sí.

Ó ju òkúta sómi, ó ń ka kókó. Ení, èjì, ẹ̀ta. Nígbà tó dé ẹ̀sán, okùn rọ̀.

"Ó ti há sórí nǹkan," ni Tísà wí. Wọ́n sún síwájú. Ẹ̀sán. Wọ́n sún sápá ọ̀tún. Ẹ̀jọ.

"Tísà," ni Sunday wí, "ìsàlẹ̀ nìyẹn."

"Sunday, ṣọ́ ẹnu rẹ."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀, sà. Àwọ̀n mi máa ń wọ́ ọ."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

Sunday ti àjẹ̀ bọmi jẹ́jẹ́. "Àlejò ni mí, sà," ó ní. "Àlejò kì í sọ fún onílé pé ilé rẹ̀ kéré."

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà, Màmá Beatrice fi fóònù pe Gbémisọ́lá n'Íbàdàn. "Bàbá rẹ kò tíì sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Ajé. Mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, kò gbóná. Ẹ̀rù ń bà mí." Gbémisọ́lá wọkọ̀ wálé. Ó bá bàbá rẹ̀ nínú yàrá, ó kọjú sí ògiri.

"Bàbá, kí ló dé?"

"Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án," ni Tísà wí bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ ìpànìyàn.

Nígbà tọ́rọ̀ náà yé e, ẹ̀rín pa á, ó sì ń rẹ́rìn-ín títí ó fi rí i pé omi wà lójú bàbá rẹ̀. Ó dákẹ́. Kò rí omi lójú bàbá yìí rí, kódà lọ́jọ́ tí ìyá wọn àgbà kú. "Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, Gbémi," ni Tísà wí. "Mo fi ẹgba na àwọn ọmọ tó ṣi ìbéèrè yẹn dáhùn."

"Ẹ má sọ fẹ́nì kankan. Sunday kò ní sọ."

"Èmi tí mo mọ̀ ńkọ́?"

Nígbà ìpàdé ìlú, Tísà dìde, ó jẹ́wọ́ fún gbogbo wọn. Ó sọ iye kókó. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó nà nítorí ìsàlẹ̀ adágún, wọ́n sì pọ̀ níbẹ̀. Bàbá Ọládélé, tó dàgbà jù lọ nínú wọn, na ọ̀pá rẹ̀ sí i.

"Oṣù wo lo lọ wọ̀n ọ́n?"

"Oṣù kejì, Bàbá."

"Ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣé o ránṣẹ́ síwájú pé ò ń bọ̀?"

"Sí ta ni?"

"Ta lo tún ń bi mí? Ìsàlẹ̀ gbọ́ pé Tísà ń bọ̀, ló gòkè wá pàdé rẹ lọ́nà. Ọ̀wọ̀ ló bù fún ọ. Jókòó, ọmọ mi."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe wà nínú ìwé Tísà, ní ojú ewé kẹrìnlá: "Jíjìn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án, fún ẹni tí ìsàlẹ̀ bá bọ̀wọ̀ fún."

Nígbà tí Tísà pé ẹni àádọ́rin ọdún, Gbémisọ́lá ra fóònù olójú gbàgà fún un. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó gbọ́ pé máàpù gbogbo ayé wà nínú rẹ̀. Wọ́n wá Ùsọmi, wọ́n rí i. Wọ́n rí adágún náà tó dùbúlẹ̀ bí ewé, aláwọ̀ búlúù. Tísà tẹ jígí mójú, ó ka ohun tí wọ́n kọ sórí rẹ̀: "Adágún Ìdóko."

Gbémisọ́lá ní àwọn lè ṣàtúnṣe. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n fi ránṣẹ́. Èsì dé pé wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. "Ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò?" ni Tísà ń bi í lójoojúmọ́ lórí fóònù. "Ṣé ó ti bu omi ibẹ̀ mu rí?" Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, orúkọ yí padà sí Ùsọmi. Tísà fi mínírà ṣe gbogbo àdúgbò lálejò. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìdóko ló tún wà níbẹ̀.

Ẹnì kan ń ṣiṣẹ́ ní òdìkejì. Tísà yí i, ẹni náà yí i padà. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń fà á, kí Tísà tó gbọ́ pé Adésọjí ni, olùkọ́ ọ̀gbìn tó ti fẹ̀yìn tì n'Ìdóko. Tísà de ṣòkòtò le, ó ní kí Sunday wa òun sọdá. Màmá Beatrice jókòó sí etí omi, wọ́n ń gbàdúrà kí ọ̀ràn má di ti ọlọ́pàá. Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí ọkọ̀ padà. Tísà sọ̀kalẹ̀, iṣu ńlá kan wà lábíyá rẹ̀.

"Kí ló ṣẹlẹ̀, Bàbá Gbémi?"

"A jà."

"Iṣu ńkọ́?"

"Ó ní kí n lọ tọ́ ọ wò, kí n tó tún sọ pé ilẹ̀ wọn kò dára."

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Tísà ń sọdá lọ jà. Ó ń mú ọsàn bọ̀, ó ń mú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ bọ̀, ìgbà kan tiẹ̀ wà tó fa àgbébọ̀ adìẹ bọ̀ nínú agbọ̀n. Wọn kò dẹ́kun yíyí orúkọ náà o. Ọ̀sẹ̀ yìí Ùsọmi, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ Ìdóko. Báyìí ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ara Tísà kò yá. Kì í ṣe pé ó sọ fún ẹnikẹ́ni. Adésọjí ló pe Gbémisọ́lá lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ kan: "Ọmọ mi, lọ wo bàbá rẹ. Orúkọ wa ti wà lórí omi yẹn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò sì tíì yí i."

Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn kan l'Ádó. Dókítà kékeré kan, Praise lorúkọ rẹ̀, wá síbi bẹ́ẹ̀dì, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọpọlọ bàbá ṣì pé. Ó tẹrí ba, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ mọ ibi tí ẹ wà?"

"Dókítà," ni Màmá Beatrice ké, "ẹ má bi wọ́n bẹ́ẹ̀!"

Ọ̀rọ̀ ti bọ́. Tísà fi ìgúnpá gbéra. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí òkúta tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Adó, ó bá odò Ògbèsè sọ̀kalẹ̀, ó ya Ìkẹ́rẹ́, ó yà sí Ìsẹ̀, ó kí wọn l'Ẹ́mùré, ó sì wọ Ùsọmi láti apá gúúsù. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Àwọn nọ́ọ̀sì láti wọ́ọ̀dù mìíràn ti kóra jọ sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta, ní kó jọ̀wọ́ tún ibi ti ajá sọ. Gbémisọ́lá yọjú wo ohun tí dókítà kọ sínú fáìlì: "Ọpọlọ bàbá pé. Ó pé ju tèmi lọ."

Ọkàn rẹ̀ ló rẹ̀ ẹ́. Ó kú láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó ń ṣàlàyé fún ìyàwó rẹ̀ ìdí tí ìkùukùu fi máa ń pẹ́ lórí adágún ju orí oko lọ. Ó dúró láti mí, kò sì bá ọ̀rọ̀ náà lọ mọ́. Màmá Beatrice dúró, wọ́n ń retí ìyókù. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé wọn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Gbémisọ́lá lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé ẹ̀rí ikú. Àwọn èèyàn tò sẹ́yìn rẹ̀. Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí tábìlì, Peace ni wọ́n kọ sáyà rẹ̀, gbé fọ́ọ̀mù síwájú.

"Ìlú tí olóògbé ti wá, mà?"

Kẹ́mísírì ni Gbémisọ́lá ń kọ́ni n'Íbàdàn. Ogún ọdún tó fi wà níbẹ̀, bí wọ́n bá bi í pé ọmọ ibo ni, "Èkìtì" ló ń sọ. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ nínú, á ní ẹ̀gbẹ́ Ìkẹ́rẹ́. Kì í fẹ́ àlàyé.

"Ùsọmi," ló wí.

"Ùsọmi? Kì í ṣe abẹ́ Ìdóko nìyẹn wà?"

Gbémisọ́lá gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. "Rárá o," ó ní. "Fún mi ní bírò yẹn." Ó ya adágún sẹ́yìn ìwé kan tó wà lórí tábìlì. Ó ya òkè méjì. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń fi ìka tọ́ka, ohùn tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe èyí tó fi ń kọ́ kẹ́mísírì. Ọkùnrin kan lẹ́yìn pòṣé pé oòrùn ń pa àwọn o. Obìnrin kan ní kó dákẹ́, kí àwọn gbọ́. Àárín ọ̀rọ̀ ni Gbémisọ́lá gbọ́ ara rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ sórí òkè méjèèjì tó yà. Peace dìde, ó fa àga tirẹ̀ fún un.

Ó jẹ́ kó nu ojú tán kó tó rọra béèrè èyí tó kù. "Iṣẹ́ wo ni bàbá ṣe, mà?"

Gbémisọ́lá ronú sí i.

"Wọ́n máa ń sọ ibi tí a wà fún wa ni."

Peace wo fọ́ọ̀mù náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. "Àyè rẹ̀ kéré, mà," ó ní. "Ṣé kí n kọ tísà?"

"Kọ tísà," ni Gbémisọ́lá wí.

Ọmọbìnrin náà tẹrí ba, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà.